Iṣẹ́ kíà nílé Júù: iná, gáàsì, àti gààrí tèmi ńkọ́?

ÌyáÌbejì_NW4

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará wa. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ kíà, ìyẹn ìtọ́jú àwọn àgbà, nílé àwọn Júù tó ń pa òfin mọ́ dáadáa, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ́jẹ́ńsì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé mi lọ sọ́dọ̀ màmá àgbà kan ní Hendon, London níbí, wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́, wọ́kà ni wọ́n fi ń rìn. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni o, ṣùgbọ́n tó bá ti di ìrọ̀lẹ́ Friday tí Sábáàtì, ọjọ́ ìsinmi wọn, wọlé títí di alẹ́ Saturday, wọn ò ní fọwọ́ kan súìṣì, wọn ò ní gbé fóònù, wọn ò sì ní ní kí n bá wọn ṣe é. Wọ́n á kàn jókòó, wọ́n á ní "inú tọ́lẹ́ẹ̀tì yẹn mà ṣókùnkùn o". Èmi á wá máa wò wọ́n. Ṣé kí n tan iná ni àbí kí n má tàn án? Tí mo bá tàn án, ṣé mo ti mú wọn dẹ́ṣẹ̀ nìyẹn? Ọmọ wọn obìnrin ní kí n máa lo làákàyè mi, làákàyè wo gan-an?

Èkejì, wọ́n máa ń dìde kọjú sí apá ibì kan, ètè wọn á máa mì, tí mo bá ní oògùn ti tó wọn ò ní dá mi lóhùn, wọn ò tilẹ̀ ní wo ọ̀dọ̀ mi.

Ẹ̀kẹta, Ìrékọjá ń bọ̀, wọ́n ní kí n má gbé búrẹ́dì wọlé rárá. Gààrí mi ńkọ́? Mi ò lè fi ewé jíjẹ ṣe ṣíìfù wákàtí méjìlá o.

Ìdáná_NorthLondon

Ẹ kú iṣẹ́ mọ̀mí. Kíṣínì ilé ìtọ́jú àgbà tí àwọn Júù dá sílẹ̀ ni mo wà, ó ti pẹ́, ohun tí ẹ ń sọ yìí la fi ń ṣe oúnjẹ jẹ lol.

Ẹ kọ́kọ́ fi í sọ́kàn pé òfin yẹn ò de ẹ̀yin. Ẹ lè tan iná, ẹ lè tẹ fóònù yín, kò sẹ́ni tó máa bi yín. Màmá ni òfin ń wò: ṣé wọ́n pa yín láṣẹ, àti pé ta ni ẹ ṣe nǹkan ọ̀hún fún? Wọn ò gbọdọ̀ ní "lọ bá mi tan iná yẹn", kódà wọn ò gbọdọ̀ ti Thursday sọ fún yín pé tó bá di Saturday kí ẹ tàn án. Àmọ́ tí wọ́n bá kàn sọ bí nǹkan ṣe rí, pé ibí ṣókùnkùn, pé iná yìí ò mọ́lẹ̀ tó, ìyẹn kì í ṣe àṣẹ. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni, ọmọlúàbí lẹ sì jẹ́.

Ibi tó ti wá le díẹ̀ rèé. Tí òkùnkùn biribiri bá wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé tìtorí màmá nìkan lẹ ṣe tan iná, ẹni tó bá ń pa òfin mọ́ dáadáa ò ní fẹ́ jàǹfààní iná yẹn. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé iṣẹ́ tiyín lẹ fẹ́ ṣe níbẹ̀, ẹ fẹ́ nu ilẹ̀, ẹ fẹ́ wá táwẹ̀lì, ẹ tan iná kí ẹ̀yin náà lè ríran, ẹ ṣe tán ẹ fi iná sílẹ̀ ẹ jáde, màmá lè wọlé lò ó. Ọ̀rọ̀ tiyín ni iná yẹn, àwọn kàn bá a níbẹ̀ ni. Tí iná kékeré kan bá sì ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ tí ẹ wá fi òmíràn kún un, ìyẹn tún rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Hítà yàtọ̀. Àwọn rábì ti sọ látijọ́ pé níbi òtútù, gbogbo èèyàn ló dà bí aláìsàn, torí náà nílẹ̀ tó tutù bíi tibí wọ́n lè sọ ọ́ ní tààràtà pé kí ẹ tan hítà. Àti pé aláìsàn gan-an, ẹni tí ara ẹ̀ ò le tó fi ń dùbúlẹ̀, ì báà má jẹ́ àìsàn tó lè pa á, òun náà lè sọ tààràtà ohun tó fẹ́ kí ẹ bá òun ṣe. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ní kí ọmọ wọn lọ bi rábì wọn léèrè bóyá wọ́n ka màmá sí aláìsàn. Àgbàlagbà tó ń fi wọ́kà rìn, tí ojú ẹ̀ ò sì dá, tó lè ṣubú lóru! Èmi ò rò pé rábì náà máa le mọ́ wọn. Tó bá ti lè ní bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo àlọ́ pípa yẹn á tán.

Kí Friday tó ṣú ló yẹ kí ẹ ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ ṣá. Iná tọ́lẹ́ẹ̀tì, ẹ fi sílẹ̀ láti ọ̀sán kó máa tàn títí alẹ́ Saturday. Gílóòbù inú fíríìjì, ẹ tú u, torí tó bá ń tàn nígbàkúùgbà tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn, wọn ò ní lè ṣí i. Omi gbígbóná wà nínú ọ̀ọ̀nù (ìkòkò oníná tí wọ́n fi ń se omi) tó ti hó tẹ́lẹ̀, oúnjẹ wà lórí páànù iná tí wọ́n ti tàn sílẹ̀, iná pálọ̀ wà lórí táímà. Ilé tó bá ṣètò dáadáa, kẹ́rà ò ní í ní wàhálà kankan.

Ajíhìnrere_Tòótọ́

Ẹ má bínú sí mi o, ṣùgbọ́n ṣé kì í ṣe pé wọ́n ń tan Ọlọ́run jẹ nìyí? Ọlọ́run tó dá ojú, ṣé kò mọ̀ pé màmá fẹ́ kí iná tàn ni? Jésù ti ní a dá ọjọ́ ìsinmi nítorí ènìyàn. Níbo gan-an ni súìṣì wà nínú Bíbélì?

Alákọ̀wéIfẹ̀

Ẹ̀gbọ́n, súìṣì ò sí níbẹ̀ lóòótọ́ àmọ́ iná wà níbẹ̀. Ẹ́kísódù 35:3, wọn ò gbọdọ̀ dá iná nínú ilé wọn lọ́jọ́ ìsinmi. Mishnah, ìwé òfin àwọn rábì àtijọ́, tí wọ́n kó jọ ní nǹkan bí ọdún 200 lẹ́yìn ìbí Jésù, ka irú iṣẹ́ tó jẹ́ èèwọ̀ sí 39, láti ara iṣẹ́ tí wọ́n ṣe kọ́ àgọ́ Mósè ni wọ́n ti fà á yọ: fífúnrúgbìn, kíkórè, pípo ìyẹ̀fun, híhun aṣọ, kíkọ lẹ́tà méjì, dídá iná, pípa iná, gbígbé ẹrù láti inú ilé bọ́ sí gbangba. Kò sí ti pé ó rẹ èèyàn tàbí kò rẹ̀ ẹ́ níbẹ̀ o. Èèyàn lè gbé àga wúwo láti pálọ̀ lọ sí yàrá kó má jẹ̀bi, kó wá mú kọ́kọ́rọ́ kékeré sápò jáde sójú títì kó jẹ̀bi.

Nígbà tí iná mànàmáná dé, àwọn rábì bẹ̀rẹ̀ ìjà tiwọn. Gílóòbù tí wáyà inú ẹ̀ ń gbóná pọ́n, ọ̀pọ̀ ní iná gidi nìyẹn. Rábì tí wọ́n ń pè ní Chazon Ish ní tí èèyàn bá so wáyà pọ̀ tí iná gba inú ẹ̀ kọjá, ó ti wọ abẹ́ kíkọ́lé, tí òun náà wà nínú 39 yẹn. Rábì Shlomo Zalman Auerbach ní Jerúsálẹ́mù, tó kú ní 1995, ní òun ò rí èèwọ̀ tó ti inú Tóràh (ìwé márùn-ún Mósè) wá nínú mànàmáná fúnra ẹ̀ tí kò bá sí ohun tó ń gbóná pọ́n, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án torí bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ẹnu wọn ò kò lórí ìdí ẹ̀, ó kò lórí pé kí a má ṣe é.

Ti ẹ̀tàn tí ẹ sọ yẹn, inú Mishnah náà ni èsì ẹ̀ wà. Tí ẹni tí kì í ṣe Júù bá tan fìtílà fún ara ẹ̀, Júù lè lo ìmọ́lẹ̀ ẹ̀, tó bá jẹ́ torí Júù ló ṣe tàn án, kò gbọdọ̀ lò ó. Wọ́n wá fi ìtàn tì í: Rabban Gamliel, olórí àwọn rábì ìgbà yẹn, àtàwọn àgbààgbà wà nínú ọkọ̀ ojú omi, ọkọ̀ gúnlẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi, ọkùnrin kan tí kì í ṣe Júù ṣe àtẹ̀gùn tó fẹ́ fi sọ̀ kalẹ̀, àwọn náà sì bá a sọ̀ kalẹ̀. Ta ni wọ́n tàn jẹ níbẹ̀? Ọkùnrin yẹn fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun tí òfin ń ṣọ́ ni pé kí Júù má sọ ọmọ ẹlòmíì di ọwọ́ tó fi ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n ní kó sinmi.

Gbólóhùn Jésù tí ẹ mú wá yẹn, irú ẹ̀ wà nínú Talmud náà, ìwé ńlá tí àwọn rábì fi túmọ̀ Mishnah, ní apá tí wọ́n ń pè ní Yoma: ọjọ́ ìsinmi la fi lé yín lọ́wọ́, a ò fi yín lé ọjọ́ ìsinmi lọ́wọ́. Ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ nípa gbígba ẹ̀mí là ni wọ́n ti sọ ọ́.

Ajíhìnrere_Tòótọ́

Hmm. Ti ọkọ̀ ojú omi yẹn wọ̀ mí létí. Mo ṣì ní ẹjọ́ láti rò ṣá.

ỌmọỌjọ́Keje

Àwa Adventist náà ń bẹ̀rẹ̀ tiwa látìgbà tí oòrùn bá wọ̀ lọ́jọ́ Friday ni o, àmọ́ àwa ń tan iná, a sì ń wakọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo kàn ní kí n sọ ọ́, kí wọ́n má bàa da gbogbo wa pọ̀.

Ọmọ_Èkó_Risẹ́pṣọ̀n

Ẹ bá mi dáhùn tèmi náà. Òtẹ́ẹ̀lì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní V.I., a máa ń gba àlejò láti Ísírẹ́lì, púpọ̀ nínú wọn ò bìkítà, ọjọ́ Saturday gan-an ni wọ́n ń lọ bíìṣì. Àwọn díẹ̀ ló ń pa á mọ́ kankan. Ẹnìkan dúró síwájú yàrá ẹ̀ lálẹ́ Friday, ilẹ̀kùn oníkáàdì ni, kò mú káàdì dání, kò sọ̀rọ̀, ó kàn ń rẹ́rìn-ín sí mi 😂 Àti pé tí Nẹ́pà bá mú iná lọ, tí jẹ́nẹ́rétọ̀ gbé e, ṣé ó lè lo iná yẹn àbí kó wà nínú òkùnkùn?

Alákọ̀wéIfẹ̀

Jẹ́nẹ́rétọ̀ ò ní wàhálà. Gbogbo òtẹ́ẹ̀lì lẹ tàn án fún, èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ kì í sì í ṣe Júù. Òfin àtijọ́ ni, ìlú tí àwọn tí kì í ṣe Júù bá pọ̀ jù níbẹ̀, tí wọ́n ti se omi ilé ìwẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi, tí Sábáàtì bá ti tán Júù lè wọlé lọ wẹ̀ lójú ẹsẹ̀, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ni wọ́n se omi yẹn fún. Tó bá jẹ́ gẹ́tímáàn ló lọ tan jẹ́nẹ́rétọ̀ kékeré fún Júù nìkan ṣoṣo, ìyẹn ò rí bẹ́ẹ̀.

Ilẹ̀kùn yẹn, ẹ ṣí i jàre, òun ò ní kí ẹ ṣí i. Ṣùgbọ́n nígbà míì, ọjọ́ tó bá dé ni kí ẹ ti bi í. Fún un ní yàrá ìsàlẹ̀ kó lè fi àtẹ̀gùn rìn, èyí tó ní kọ́kọ́rọ́ irin tó bá wà. Iná tó máa ń dá tàn tí èèyàn bá ti kọjá, kí oníṣẹ́ iná yín pa á. Má gbé ìwé fún un kó sàìn lọ́jọ́ Saturday, kíkọ̀wé wà nínú 39 yẹn. Dúró kí ilẹ̀ ṣú, kí ìràwọ̀ mẹ́ta ti yọ. Èkó dára fún wọn lórí ọ̀rọ̀ àkókò, oòrùn wa kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà, aago mẹ́fà kọjá sí aago méje kọjá díẹ̀ ló ń wọ̀ yípo ọdún, ìṣẹ́jú 18 ṣáájú ẹ̀ làwọn obìnrin wọn máa ń tan àbẹ́là lọ́jọ́ Friday láti fi gba Sábáàtì wọlé.

ÌyáÌbejì_NW4

Ẹ ṣé, ẹ ṣé gan-an. Èkó ló dáa fún wọn o! Níbí nínú December, aago mẹ́ta àbọ̀ ọ̀sán kọjá díẹ̀ ni Sábáàtì ti wọlé, ṣíìfù mi sì jẹ́ aago mẹ́rin. Ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú mi kì í ṣètò nǹkan kan, màá dé màá bá ilé nínú òkùnkùn. Nǹkan míì tún ni pé fóònù ilé màmá ni ẹ́jẹ́ńsì ní ká máa fi pè tí a bá dé àti tí a bá ń lọ, ṣé ìyẹn burú? Ẹ sì máa dáhùn ti àdúrà yẹn o.

Bàbá_Brooklyn

Ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi. Mo ń bá ẹbí Júù kan ṣiṣẹ́ ní Crown Heights, Niu Yọ́ọ̀kì, àlejò pọ̀ nílé lálẹ́ Friday, mo ní kí n ràn wọ́n lọ́wọ́, mo gbé ìgò wáìnì mo bu sí kọ́ọ̀bù fún bàbá àgbà. Gbogbo ilé dákẹ́. Wọ́n rọra gbé ìgò yẹn kúrò, wọ́n lọ mú òmíràn wá. Kò sẹ́ni tó bú mi àmọ́ ó dùn mí wọra, mo ní àwọ̀ mi ni wọ́n ń wò. Mi ò tíì bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́ títí dòní. Àwọn tó mọ̀, àwọ̀ ni àbí òfin?

Ìdáná_NorthLondon

Òfin ni bàbá, ẹ má gbé e sọ́kàn mọ́. Láyé àtijọ́ wáìnì ni wọ́n fi ń bọ òrìṣà ní ilẹ̀ Róòmù àti Gíríìkì, torí náà wọ́n ní wáìnì tí ẹni tí kì í ṣe Júù bá bù, Júù ò ní mu ún. Òyìnbó pọ́ńbélé láti Yorkshire bu wáìnì níbi iṣẹ́ wa, ìgò yẹn náà lọ. Àmọ́ tí wọ́n bá ti se wáìnì náà kó tó wọ ìgò, òfin yẹn ò kàn án mọ́, ẹ wo ara ìgò, wọ́n máa ń kọ mevushal sí i. Ilé tó gba àlejò tàbí tó gba òṣìṣẹ́, irú wáìnì yẹn ló yẹ kí wọ́n rà, kí ojú má bàa ti ẹnikẹ́ni. Wọ́n jẹ yín ní àlàyé, ìyẹn ni mo lè sọ.

Ti oúnjẹ sísè náà wà. Mọ̀mí ÌyáÌbejì, tí màmá bá ní àwọn fẹ́ fọwọ́ ara wọn tan gáàsì kí ẹ tó gbé ìkòkò ka iná, kì í ṣe pé wọn ò fọkàn tán yín. Oúnjẹ tí a kì í jẹ ní tútù, tó sì tó gbé síwájú ọba, kò yẹ kó jẹ́ ẹni tí kì í ṣe Júù nìkan ló sè é. Fún àwọn Ashkenazi (Júù tó ṣẹ̀ wá láti àárín àti ìlà oòrùn Yúróòpù), tí Júù bá ti tan iná ó tán. Àwọn Sephardi (àwọn tó ṣẹ̀ wá láti Sípéènì àti ilẹ̀ Lárúbáwá) fẹ́ kí Júù fọwọ́ ara ẹ̀ gbé e ka iná. Lójoojúmọ́ níbi iṣẹ́ wa, ọ̀gá kan ló ń wá láàárọ̀ wá tan gbogbo iná, á bá tiẹ̀ lọ, àwa á wá máa sè.

Alákọ̀wéIfẹ̀

Mọ̀mí, ti àdúrà. Ẹ rántí Hánà nínú Sámúẹ́lì Kìíní, tó ń gbàdúrà ní Ṣílò, ètè rẹ̀ ń mì, a ò gbóhùn rẹ̀, Élì sì rò pé ó ti mutí yó? Ara ẹ̀ gan-an ni àwọn rábì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gba àdúrà yẹn. Ìdúró ni wọ́n ń gbà á, Jerúsálẹ́mù ni wọ́n kọjú sí, ìbùkún 19 ló wà nínú ẹ̀ lọ́jọ́ iṣẹ́, tó bá di Sábáàtì ó dín kù sí 7. Ẹni tó bá ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, kódà kí wọ́n kí i. Ẹ má gba iwájú wọn kọjá, ẹ dúró kí wọ́n gbé ìṣísẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ó ti parí nìyẹn, kì í pẹ́. Tí ẹsẹ̀ wọn bá ń gbọ̀n wọ́n lè jókòó gbà á, ẹ ní kí ọmọ wọn rán wọn létí, torí àwọn àgbà ò fẹ́ràn ká sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Oògùn tí dókítà ní kí wọ́n máa lò lójoojúmọ́, wọ́n á lò ó lọ́jọ́ ìsinmi náà, ẹ̀yin lẹ máa kọ ọ́ sínú ìwé yín, iṣẹ́ tiyín nìyẹn.

Ìdáná_NorthLondon

Fóònù: iṣẹ́ tiyín náà ni, ẹ ò ṣe é fún màmá. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹ́jẹ́ńsì bóyá ẹ lè fi fóònù tiyín ṣe é, ó bọ̀wọ̀ fún ilé ju kí ẹ máa tẹ tiwọn lọ. Ṣíìfù yẹn, ẹ ní kí wọ́n máa yí i padà láti October, ẹ́jẹ́ńsì tó bá ń bá àwọn Júù ṣiṣẹ́ ti mọ̀ ọ́n.

Ohun tí mi ò fẹ́ kí ẹ ronú lé lórí rárá ni pàjáwìrì. Tí màmá bá ṣubú, tí àyà ń dùn wọ́n, tí ọ̀rọ̀ wọn ń lọ́, ẹ má ronú Sábáàtì kankan, ẹ pe 999, tàbí ẹ pe Hatzola, ẹgbẹ́ onípàjáwìrì àwọn Júù, tí nọ́ńbà wọn bá wà lára ògiri. Júù ni àwọn Hatzola fúnra wọn, wọ́n á wakọ̀ wá lọ́jọ́ ìsinmi, torí gbígba ẹ̀mí là ta Sábáàtì yọ. Tí màmá bá ní kí ẹ má pè, ẹ pè é.

Alákọ̀wéIfẹ̀

Mo fara mọ́ ọn. Talmud kò tilẹ̀ ní kí wọ́n wá ẹni tí kì í ṣe Júù kó bá wọn ṣe é nírú àkókò bẹ́ẹ̀, àwọn àgbà Ísírẹ́lì fúnra wọn ni wọ́n ní kó ṣe é, kí gbogbo èèyàn lè rí i pé gbígba ẹ̀mí là kì í ṣe ohun téèyàn ń fojú di.

Bàbá_Brooklyn

Ọlọ́run á bù kún yín, ara mi fúyẹ́. Ẹ tún mọ̀ pé Colin Powell, ọ̀gágun Amẹ́ríkà yẹn, bá àwọn Júù tan iná pa iná ní Bronx nígbà tó wà lọ́mọdé? Elvis náà ṣe é fún ẹbí rábì tó ń gbé lókè ilé wọn ní Memphis. Ẹ ò dá nìkan wà o mọ̀mí.

ÌyáÌbejì_NW4

Ó ku gààrí mi.

Ìdáná_NorthLondon

Haha mo ti ń bọ̀. Ohun tó jẹ́ èèwọ̀ nígbà Ìrékọjá ni ohun tí wọ́n fi àlìkámà, bálì, oat, rye àti spelt ṣe tó ti wú. Búrẹ́dì, bísíkíìtì, Indomie, bíà, móòtì, gbogbo ẹ̀ ti wọ ọ́. Semo náà wà níbẹ̀ o, àlìkámà ni! Gààrí kò sí níbẹ̀, ẹ̀gẹ́ ni. Èlùbọ́ iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀, iṣu, kò sí ìkankan níbẹ̀. Ìrẹsì, ẹ̀wà, àgbàdo, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn: àwọn Ashkenazi ò ní jẹ ẹ́ fún gbogbo ọjọ́ mẹ́jọ yẹn, àwọn Sephardi púpọ̀ ń jẹ ìrẹsì tiwọn. Ṣùgbọ́n jíjẹ nìkan ni wọn ò jẹ ẹ́, kò sí èèwọ̀ pé kó wà nínú ilé.

Búrẹ́dì tiyín pàápàá, tí kì í bá ṣe ti màmá tí kò sì sí lábẹ́ ìtọ́jú wọn, òfin láàyè fún un tí nǹkan kan bá là á sọ́tọ̀. Àmọ́ wọ́n ti fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan fọ gbogbo ilé nítorí èérún, tí wọ́n bá ní kí ẹ má gbé e wọlé, ẹ má gbé e wọlé. Ẹ gbé kúlà tiyín, abọ́ tiyín, ṣíbí tiyín. Edé àti ẹja àrọ̀ ńkọ́? Ẹ jẹ ẹ́ tán nílé kí ẹ tó wá, ìyẹn ò kan Ìrékọjá, yípo ọdún ni Júù kì í jẹ wọ́n.

ÌyáÌbejì_NW4

Ọmọ wọn ti bi rábì. Ó ní aláìsàn ni wọ́n ka màmá sí, kí wọ́n máa sọ ohun tí wọ́n bá fẹ́ fún mi tààràtà, ti tọ́lẹ́ẹ̀tì sì wà lórí táímà báyìí. Màmá ò tíì gbà ṣá, wọ́n ṣì ń sọ fún mi pé ibí ṣókùnkùn 😂 Wọ́n fún mi ní tábìlì kan lẹ́yìn kíṣínì fún oúnjẹ mi nígbà ọdún. Gààrí ti yanjú. Ẹ̀pà tí mo fẹ́ fi jẹ ẹ́ ńkọ́?

Alákọ̀wéIfẹ̀

Háà, ẹ̀pà! Ìjà àwọn Ashkenazi lórí ẹ̀pà ò tíì parí. Àwọn kan kà á mọ́ ẹ̀wà, Rábì Moshe Feinstein ní Niu Yọ́ọ̀kì ní ibi tí kò bá ti sí àṣà pé wọn ò jẹ ẹ́, kí wọ́n máa jẹ ẹ́.

Ìdáná_NorthLondon

Màmá kọ́ ló fẹ́ jẹ ẹ́. Ẹ gbé ẹ̀pà yín lọ, ẹ má kàn fi ṣíbí wọn bù ú.